Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bá ẹ̀yin ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú yíya àwòrán ilé tàbí ètò ìlú, tí ẹ wá ń ronú oyè kejì. Ọ̀pọ̀ yín ló ń wá kókó ìwádìí lọ sí Èkó àti Àbújá. Ojú àwọn mìíràn ti kọjá òkun. N ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé baba yín, torí ohun tí wọ́n ń náwó nára láti kọ́ nípa rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ.

Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, àmọ́ Ìsẹ̀ ló gbé dàgbà, iṣẹ́ tó ṣe fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló sì kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n gbé òyìnbó aṣojú ìjọba bọ̀ wá kí ọba. Ní 1924 wọ́n kó ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ojú British Museum wọ̀ ọ́, Ògògà sì gba àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà dòní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà. Ó ga tó nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Ọba jókòó, olorì dúró gàgàrà lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ga ju ọba lọ fíìfíì, àwọn ènìyàn kéékèèké sì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò rí òpó. Kò ní rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbé e dúró sí, àgbàlá tó kọjú sí, ibi tí òjò ń dà sí láàárín ilé àti ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Kò sì ní mọ ibi tí àlejò máa ń dúró sí kó tó rí ojú ọba. Ohun tó kù nínú ìmọ̀ yẹn wà nílẹ̀ àti lẹ́nu àwọn àgbà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó tẹ ìwé Yoruba Palaces jáde ní 1966, iṣẹ́ takuntakun sì ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè wọn gbogbo ògiri ilẹ̀ Yorùbá tán. Àwọn ògiri amọ̀ tó kù ń di búlọ́ọ̀kù lójoojúmọ́. Ó ń dùn mí gidigidi.

Àmọ́ ìfẹ́ ilé nìkan kọ́ ló ń gbani ní oyè. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. B.Sc. ọdún mẹ́rin kò tíì sọ ènìyàn di ayàwòrán ilé lójú ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ó di dandan kó gba oyè kejì, tó sábà máa ń gba ọdún méjì, kó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kó sì yege nínú ìdánwò iṣẹ́. Nítorí náà, kí o tó san kọ́bọ̀, béèrè bóyá ARCON àti NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí ẹ̀ka náà. Bí ètò ìlú ni, TOPREC, àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ètò ìlú sílẹ̀, ni kí o béèrè lọ́wọ́ wọn. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ń kọ́ni ní iṣẹ́ méjèèjì, wọ́n sì súnmọ́ wa. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ètò ìlú, OAU náà wà ní Ifẹ̀. Tún wádìí ẹni tí yóò darí iṣẹ́ rẹ. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ògiri amọ̀ rí, yóò ṣòro kó tọ́ ọ sọ́nà nínú ààfin.

Abèèrè kì í ṣìnà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba. Ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun a máa ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní inaugural, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tí wọn ń lé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Gba ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pín, lọ kà á dáadáa, kí o sì tọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo tó múná. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ṣe rí olùdarí ìwádìí wọn.

Kókó ìwádìí kò wọ́n wa. Àpáta kì í mu omi: gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn bọ̀. Ta ló ti ya ọ̀nà omi yẹn sórí ìwé, kó fi ibi tí kò yẹ kí wọ́n kọ́lé sí hàn? Títì Adó sí Àkúrẹ́ la Ìkẹ́rẹ́ já. Báwo ni ọjà àti ọkọ̀ ṣe máa gba ara wọn láyè? Igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀, tí inàkí ṣì wà nínú rẹ̀, ibo ni kí ilé àti oko dúró sí kí wọ́n má baà jẹ ẹ́ tán? Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti sọ ní 2003 pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Adó-Èkìtì ni ẹni tó yẹ kó ka ìwádìí rẹ wà, kì í ṣe Àbújá.

Bí o bá fẹ́ wọn ààfin tàbí agboolé, má kàn gbé téèpù wọlé. Lọ rí olóyè tó ń rí sí àlejò, jẹ́ kí ẹnì kan láti inú ẹbí rẹ sìn ọ́ lọ, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe àti ibi tí àwòrán náà ń lọ. Níbi tí wọ́n bá ní kí o má wọ̀, má wọ̀ ọ́, má sì yà á.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀dà kan lọ sí ààfin, ọ̀kan sí ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan sí ilé ìkàwé yunifásítì BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́. Kí o wá bẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pé kí wọ́n fún ọ ní wákàtí kan lọ́jọ́ ìpàdé. So àwòrán rẹ kọ́ ògiri, fi èdè Èkìtì ṣàlàyé rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí àwọn ìyá tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì kọ́kọ́ fèsì, torí wọ́n mọ ibi tí omi ń gbà ju ìwọ tí o ya á lọ.