Ẹ̀yin Olóúnjẹ, Ẹ Mọ Ohun Tí Ara Oníbàárà Yín Kò Gbà

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń dáná òde àríyá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, ọ̀rọ̀ òwò ti òní kan ẹ̀mí.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí a jọ lọ, ọmọdékùnrin kan jẹ súyà. Kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ wú, ara ń yún un, ohùn rẹ̀ sì há. Àwọn kan sáré wá epo pupa, àwọn mìíràn ní kó mu mílíìkì. Ìyá rẹ̀ ló yọ abẹ́rẹ́ nínú báàgì, tó gún un nítan. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ẹni tó sun súyà ní òun kò fi ẹ̀pà sí i. Ó gbàgbé pé kúlíkúlí inú yajì, ẹ̀pà ni.

Ohun tó wà nínú ìkòkò wa

Ohun 14 ni òfin ilẹ̀ yìí ní kí olóúnjẹ máa sọ fún oníbàárà. Púpọ̀ nínú wọn wà lọ́dọ̀ wa. Edé wà nínú ẹ̀fọ́ rírò. Ẹja àti ẹyin wà nínú mọ́ínmọ́ín. Àlìkámà, mílíìkì àti ẹyin wà nínú ṣinṣín. Ìgbín náà wà lára wọn. Írú mìíràn, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó rà á. Ẹ ka ara páálí èròjà ọbẹ̀ pẹ̀lú.

Láti October 1, 2021, oúnjẹ tí ẹ bá ti dì sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń tà á, kí oníbàárà tó yàn án, gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti gbogbo èròjà rẹ̀ lára, kí àwọn 14 yìí sì hàn ketekete. Òfin Natasha ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmọ ọdún 15 tó kú ní 2016 lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tí yànmọtí wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ tí ẹ ń bù sí àwo náà, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí ọbẹ̀ kan ro òmíràn. Ẹ má sì sọ pé “díẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan.”

Bó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Bí ahọ́n tàbí ọ̀nà ọ̀fun bá wú, tí mímí nira, tàbí tí òòyì kọ́ ẹni náà lójijì:

1. Bó bá ní abẹ́rẹ́ adrenaline, ẹ gún un sí ẹ̀gbẹ́ itan lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba orí aṣọ wọlé.
2. Ẹ pe 999, kí ẹ sọ pé “anaphylaxis” ni.
3. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí kò bá lè mí dáadáa, kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn.
4. Bí ìṣẹ́jú 5 bá kọjá tí kò sàn, ẹ lo abẹ́rẹ́ kejì.
5. Bí ara bá tilẹ̀ yá, kó dé ilé ìwòsàn.

Epo pupa àti mílíìkì kò ran èyí lọ́wọ́. Piriton nìkan kò tó. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Kí òwò yín gbòòrò, kí oníbàárà yín sì wà láàyè láti padà wá. Ire o.