Kíkún Ojú Òṣùwọ̀n: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Eré Ìje Ọlọ́nà Jíjìn



Ní àkókò àjọ̀dún bí irú èyí, a sábà máa ń ka orúkọ àwọn tí ó ti ilé-ìwé wa jáde tí wọ́n sì dé ipò gíga. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà dé ibẹ̀ wò. Eré Marathon ni n óò fi ṣe àkàwé, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí sá a ní ìlú Èkó, kò ṣàjèjì sí wa mọ́.

1. Òṣùwọ̀n náà

Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sá èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn eré Marathon ọdọọdún. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1897, ènìyàn 15 péré ni ó jáde. Bí èrò ti ń pọ̀ sí i, ní 1970 àwọn alákòóso bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ẹ̀rí pé ẹni tí ó fẹ́ sáré lè parí rẹ̀ láàárín wákàtí 4. Lónìí, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń sáré níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ sá Marathon mìíràn, kí wọ́n sì ti parí rẹ̀ láàárín àkókò tí a là sílẹ̀ fún ọjọ́ orí wọn.

Fún eré ọdún 2026, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 55 ni ti ọkùnrin tí ó wà láàárín ọdún 18 sí 34. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 25 ni ti obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Fún ẹni ọdún 60 sí 64, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 50 ni ti ọkùnrin, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 20 sì ni ti obìnrin. Ẹ kíyè sí i pé a kò fi òṣùwọ̀n ọ̀dọ́ wọn àgbà, a kò sì tìtorí ogbó mú òṣùwọ̀n kúrò fún àgbà. Olúkúlùkù ní tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó rọrùn.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹni tí ó kún ojú òṣùwọ̀n ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àyè ni. Kò tíì rí àyè. Bí àwọn tí ó béèrè bá pọ̀ ju àyè lọ, àwọn tí ó fi gbèdéke wọn sẹ́yìn jù ni a ń mú. Fún eré ọdún 2025, ẹni tí kò fi ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 51 yára ju gbèdéke rẹ̀ lọ kò rí àyè. Òbí tí ọmọ rẹ̀ gba máàkì JAMB tí wọ́n béèrè, síbẹ̀ tí yunifásítì kò gbà á, mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n sárésáré kì í fojú sun gbèdéke gan-an. Ó ń fojú sun ohun tí ó ju gbèdéke lọ díẹ̀.

2. Ìmúrasílẹ̀

Ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ eré ń là sílẹ̀ fún ìmúrasílẹ̀, fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ eré sísá pàápàá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe eré àsápajúdé; eré wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, tí ènìyàn lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sá a. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń sá ọ̀nà jíjìn, tí a ó máa fi kún un títí yóò fi tó nǹkan bí kìlómítà 30. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; ẹni tí ó bá fi kún un lójijì yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ní ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 tí ó kẹ́yìn, a ó dín eré kù kí ara lè sinmi. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, kí ó lọ rí dókítà kí ó tó lọ ra bàtà.

Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìdájí ni a ń ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún ni.

3. Pípín agbára

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin ẹni ọdún 62 kan tí ó fẹ́ parí ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 50. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 27 ni yóò lò lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, ara rẹ̀ yá gágá, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kọjá lára rẹ̀. Ni òun náà bá ń fi ìṣẹ́jú 5 péré sá kìlómítà kan. Nígbà tí ó dé kìlómítà 30, ó ti fi ìṣẹ́jú 13 àti ààbọ̀ ṣíwájú ètò rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ṣùgbọ́n agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ bí iṣu, ìrẹsì àti àmàlà, tí ó ń tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, ní ìwọ̀n. Bí a bá ṣe yára jù tó ni ó ṣe ń yára tán tó, nígbà púpọ̀ lẹ́yìn kìlómítà 30. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ ń wúwo bí òkúta. Bí ọkùnrin wa bá wá ń lo ìṣẹ́jú 7 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ó kù, wákàtí 3, ìṣẹ́jú 55 àti ìṣẹ́jú àáyá 22 ni yóò fi parí. Gbogbo ohun tí ó kó jọ ti lọ, ó sì ti jẹ gbèsè lé e.

Ojú ọ̀nà Boston fúnra rẹ̀ ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Láti Hopkinton tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń tan ènìyàn láti yára. Àwọn òkè Newton sì ń dúró dè é lẹ́yìn kìlómítà 25. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

4. Ọ̀nà àbùjá

Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, wọ́n dé Rosie Ruiz ládé ní Boston gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó ṣe ipò kìíní. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà kò rántí pé àwọn rí i, àwọn mìíràn sì rí i tí ó já wọ inú eré láti àárín èrò nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í fún Jacqueline Gareau, ọmọ Kánádà, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá a. Nígbà tí wọ́n tọpa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, wọ́n rí i pé àkókò tí ó gbà ní Marathon ìlú New York ní 1979, èyí tí ó fi wọ eré Boston, kì í ṣe òtítọ́: ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni ó wọ̀ ní apá kan ọ̀nà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

5. Ohun tí ó kàn wá

Àwọn ará Kọ́ríńtì mọ eré ìje dáradára, nítorí pé nítòsí ìlú wọn ni wọ́n ti ń ṣe eré Isthmia ní ọdún méjì méjì. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ń kọ̀wé sí wọn nípa ìje, tí ó sọ pé òun ń kó ara òun níjàánu kí òun fúnra òun má baà di ẹni ìtanù, adokimos ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó lò. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń lò fún owó tí a dán wò tí kò kún ojú òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yin òbí, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó sanwó fún ọmọ rẹ̀ ní ibùdó ìdánwò tí àwọn ènìyàn ń pè ní ‘miracle centre’ ti fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ ojú irin. Máàkì lè wọlé, ṣùgbọ́n kìlómítà tí ọmọ kò sá kò sí nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí yóò dúró níwájú aláìsàn, tàbí tí yóò ya àwòrán afárá, òkè Newton tirẹ̀ dé nìyẹn. Ó sàn kí ọmọ kùnà gbèdéke lẹ́ẹ̀kan, kí ó padà sí ìdájí, kí ó sì tún un sá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwa tí irun wa ti funfun, òṣùwọ̀n tiwa náà ṣì wà. Kí a má ṣe fi ohun tí a sá ní ogójì ọdún sẹ́yìn dípò èyí tí a béèrè lọ́wọ́ wa lónìí.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ni òṣùwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí rẹ mu nínú ìdílé, iṣẹ́ àti ìjọ?
2. Níbo ni o ti ń ná agbára ìparí ní ìbẹ̀rẹ̀?
3. Èwo nínú ohun tí ọmọ rẹ ń gbé lọ́wọ́ ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá bá?