Ọmọ Mi Há Ìwé Sórí, Kò sì Mọ̀ Ọ́n Kà

ÌBÉÈRÈ: Apòmù là ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, sì ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkirè. Tó bá gbé ìwé kíkà rẹ̀, geere ló ń kà á. Lọ́jọ́ kan mo fọwọ́ bo àwòrán, mo ní kó ka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, ńṣe ló ń wò mí lójú. Olùkọ́ kan ní kí n wá ìwé tí wọ́n fi kìkì lẹ́tà tí ọmọ ti kọ́ ìró rẹ̀ kọ. Mo rí ọ̀kan, àmọ́ ìtàn inú rẹ̀ kò ní láárí. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní sọ ọmọ di ẹni tó kàn ń pe ọ̀rọ̀ láìmọ ìtumọ̀? Èdè wo ni ká sì fi bẹ̀rẹ̀, Yorùbá àbí Gẹ̀ẹ́sì?
Ìyá ọmọ, Apòmù

ÌDÁHÙN: Ọwọ́ tí ẹ fi bo àwòrán yẹn, àyẹ̀wò gidi ni. Ọmọ yín kì í ṣe olódo o. Etí rẹ̀ ń gbọ́, ọpọlọ rẹ̀ sì ń tọ́jú ohun tó gbọ́. Ohun tí kò tíì yé e ni bí lẹ́tà ṣe ń di ìró, tí ìró sì ń di ọ̀rọ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, yóò dé kíláàsì tí àwòrán ti dín kù, tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni olùkọ́ yẹn sọ. Ká ní ọmọ yín ti mọ ìró lẹ́tà mẹ́wàá yìí dáadáa: a, e, i, o, b, d, k, l, n, r. Mẹ́wàá péré nínú lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní. Ẹ wo ohun tó lè dá kà:

Bàbá Adé ra dòdò ní Ìkirè. Ó kó dòdò náà dé ilé. Adé rí bàbá. Ó kí bàbá.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó nílò kó máa méfò. Ẹ jẹ́ kó fi ìka tọ́ ọ: bà, bá, bàbá; ì, ki, rè, Ìkirè. Èdè wa rọrùn fún iṣẹ́ yìí, torí pé a kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra nínú sílébù kan. Gb tí ẹ ń rí, lẹ́tà kan ni. Ẹ má fojú fo àmì ohùn. Bó bá pe ohùn lódì, kó fi dò-re-mí kọ ọ́ lórin kó tó tún un kà: dòdò jẹ́ dò, dò; bàbá jẹ́ dò, mí. Àwòrán ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó kà tán ná, kó wá fúnra rẹ̀ yà á.

Ìbẹ̀rù yín lórí ìtumọ̀ nídìí. Ní 1986, àwọn olùwádìí méjì, Philip Gough àti William Tunmer, ṣàlàyé pé ìwé kíkà dà bí ìṣirò ìsọdipúpọ̀: pípe ọ̀rọ̀ láti inú lẹ́tà, lọ́nà òye èdè. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni àbájáde. Nítorí náà, bó bá ti ka gbólóhùn mẹ́rin yẹn tán, ẹ bi í: Níbo ni bàbá ti ra dòdò? Kí ni Adé ṣe nígbà tó rí bàbá? Kí ló dé tí kò kọ́kọ́ bèèrè dòdò? Ìdáhùn ìbéèrè kẹta kò sí nínú ìwé. Ẹ̀kọ́ ilé ni yóò ti fà á yọ. Ẹ tún ní kó sọ bí dòdò Ìkirè ṣe rí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n kọjá, ata, iyọ̀, epo pupa, àwọ̀ rẹ̀ tó dúdú. Ìtàn kékeré yẹn á wá ní láárí.

Ìwé méjì ni ọmọ yín nílò, iṣẹ́ wọn ò sì pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń kà, tí kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà tó ti mọ̀ lọ. Ìkejì ni èyí tí ẹ̀yin ń kà sí i létí: Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, ìtàn ìjàpá, ohunkóhun tó bá dùn. Ìyẹn kò ní òdiwọ̀n. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun àti ọgbọ́n ìtàn yóò ti wọlé sí i lára. Ẹ sì máa pa àlọ́.

Ní ti èdè, Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí yín. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ló ṣáájú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n ta yọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá dé, ẹ yà á sí àkókò tirẹ̀. Jolly Phonics tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ń lò ń kọ́ ọmọ ní ìró 42, s, a, t, i, p, n ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé p ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe p inú pápá, kó má baà dà á pọ̀.

Kì í ṣe títí ayé ni yóò máa ka ìwé tí kò ju lẹ́tà tó ti mọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó bá ka ojú ewé tí kò rí rí láìsí ìrànlọ́wọ́, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kó máa mú ìwé tó bá wù ú.

Ẹ̀yin olùkọ́ kíláàsì kìíní ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé àti Ìṣọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ wo àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ tí ẹ kò tíì kọ́ ọ. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ ka ìwé yẹn fún un. Kò tíì tó àkókò tí òun yóò dá a kà.