ÌDÁMỌ̀ ÀTI ÌDÍYELÉ OWÓ ONÍHÒ ÀTIJỌ́: Ọ̀RÀN KỌ́BỌ̀ ỌDÚN 1936

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ èdè Yorùbá bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú owó àtijọ́ wá láti ilé, owó oníhò kì í wọ́n nínú ohun tí wọ́n bá kó dé. Àwọn òbí àgbà a máa fi okùn sín in, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sín owó ẹyọ ní ogójì-ogójì láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá mọ irú owó bẹ́ẹ̀ í yẹ̀ wò yóò rí ìtàn kà lára rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ba iyì rẹ̀ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kí ó rà á ní ọ̀wọ́n gọbọi lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn.

Orúkọ àti iye

Kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì tí í ṣe ààbọ̀ kọ́bọ̀, àti ọ̀nínì tí mẹ́wàá rẹ̀ ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ni owó oníhò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè kò níhò. Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ ti ṣọ́ra ni pé orúkọ kì í kú pẹ̀lú owó. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Nítorí náà, iye tí à ń pè ní sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, àwọn ènìyàn sì ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún náà ní sísì. Bí àgbàlagbà bá sọ pé sísì ni òun fi ra nǹkan, ó yẹ kí a béèrè bóyá ṣáájú 1973 ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́bọ̀ tòní pàápàá kì í ṣe kọ́bọ̀ tàná.

Owó ọba tí kò dé adé

Ọba George Karùn-ún kú ní oṣù kìíní ọdún 1936. Edward Kẹjọ jọba lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà láìdé adé. Owó tí ó ní àwòrán rẹ̀ kò di níná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó oníhò kò nílò àwòrán ojú ọba, adé àti orúkọ ni ó wà lára rẹ̀; ìdí nìyí tí EDWARDVS VIII fi wà lára kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti ọ̀nínì 1936.

Àwọn oníṣòwò a máa fi ìtàn yìí gbówó lórí. Òótọ́ ni ìtàn náà, ṣùgbọ́n owó náà kò ṣọ̀wọ́n, nítorí ibi mẹ́ta ni wọ́n ti rọ ọ́. Èyí tí ó ní H wá láti ọ̀dọ̀ Heaton, èyí tí ó ní KN wá láti Kings Norton, ní Birmingham ni àwọn méjèèjì wà. Èyí tí kò ní àmì jẹ́ ti London.

Àyẹ̀wò

Bàbà tí a pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi rọ kọ́bọ̀ yìí. Òòfà kì í fà á. Èyí tí òòfà bá gbá mú kì í ṣe ojúlówó. Kí a tún wo etí rẹ̀: owó tí a dà sínú àwòṣe lè ní ìlà ìsopọ̀ yíká etí, ojú rẹ̀ a sì ní ihò wínníwínní bí ojú àkàrà. Ẹ̀yìn èyí ni a ó wọ̀n ọ́n mọ́ òmíràn tí ó dájú.

Ní ti ipò, ibi tí ó yọ jù ní í kọ́kọ́ jẹ: ara adé àti ìlà ìràwọ̀ olórígun mẹ́fà. Bí ìlà wọ̀nyí bá mú ṣáká, tí dídán àtilẹ̀wá kò sì tíì kúrò, owó náà kò tíì rìn rárá. Bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bá ṣòro kà, iye rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí ó burú jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o kí ó lè dán. Àwọ̀ tí ọjọ́ orí fún un nìyẹn, bí ó bá ti ṣí, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà. Kí ó di etí rẹ̀ mú, kí ó fi í sínú bébà gbígbẹ, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ibi tí a ti rí i sí ara bébà náà.