Ẹrẹ̀ Ẹnu Odò àti Oúnjẹ Ìrẹsì

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń gbin ìrẹsì létí òkun, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ń yá wọn lówó kí irè tó dé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà lára oúnjẹ tí irúgbìn kò lè ṣe aláìní. Odò a máa gbé e wá pẹ̀lú erùpẹ̀ tí òjò wọ́ láti òkè, a sì kó o jọ sínú ẹrẹ̀ tí igi ẹ̀gbà ń hù sí. Abájọ tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń dà bí ilẹ̀ ọlọ́ràá lójú ẹni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí oúnjẹ wà nínú ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí irúgbìn rí i jẹ.

Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bo ẹrẹ̀ náà tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ọ́, irin inú rẹ̀ a tú púpọ̀ nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó dì mú sílẹ̀ fún gbòǹgbò. Nínú ẹrẹ̀ kan náà ni irin àti imí-ọjọ́ gbé so pọ̀. Òórùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́ tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, ti imí-ọjọ́ ni. Bí a bá mọ odi dí omi òkun tí ilẹ̀ sì gbẹ, afẹ́fẹ́ a wọlé, imí-ọjọ́ a sì di ásíìdì, irú èyí tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ gan-an. Ásíìdì yìí a tú irin àti alumíníọ́mù jáde, àwọn náà a sì di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú pinpin. Ìrẹsì a kúrú, ewé rẹ̀ a ṣú, kò sì ní yọ ọmọ tó bí ó ti yẹ.

Ní Casamance, ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gàl, ọ̀dá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960 gbẹ irú ilẹ̀ wọ̀nyí. Iyọ̀ àti ásíìdì lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá odò Great Scarcies ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí a dá ilé ìwádìí ìrẹsì Rokupr sílẹ̀ ní 1934, àwọn àgbẹ̀ a máa jẹ́ kí omi òkun wọ oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a sì dúró kí òjò fọ iyọ̀ kúrò kí wọ́n tó lọ́ ìrẹsì. Lójú tèmi, sùúrù yìí sàn ju odi lọ.

Kí ẹ tó mọ odi, ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, ẹ bu díẹ̀ sínú àwo tí a kò dé, kí ẹ sì mú un tutù fún ọ̀sẹ̀ 8. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, tí ìwé ìdánwò ásíìdì sì fi nọ́ńbà tí kò tó 4 hàn, ẹ má ṣe fa omi rẹ̀ gbẹ. Ní ti èyí tí ó ti bàjẹ́, òkúta fọ́síféètì lílọ̀, irú èyí tí a ń wà ní Hahotoé ní Tógò, lè ṣe é láǹfààní, nítorí ásíìdì ni í yọ́ ọ. Kò kàn lè dá ásíìdì náà dúró ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí àgbẹ̀ bá wá yá owó odi lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwo ẹrẹ̀ náà fi hàn.