BÍ A ṢE Ń FI GÌTÁ DÁ ORIN TITUN SÍLẸ̀
Ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Akọrin

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ti ń ta gìtá, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ti mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta, gìtá ni yóò kọ́kọ́ ta, kí ó tó máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sí i. Orin á dùn létí, ṣùgbọ́n ìjọ kò ní mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ẹ ka 1 Kọ́ríńtì 14:15.

1. Ọ̀RỌ̀ NI KÍ Ó ṢÁÁJÚ. Èdè wa ní ohùn mẹ́ta: dò, re, mí. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Jésù ni ogún wa." Ogún ni ohun tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ. Bí orin kò bá gòkè lórí "gún", "ogun" ni ìjọ yóò gbọ́: Jésù á wá di ogun! Bí "o" bá sì lọ sílẹ̀ kí ó tó gòkè, Ògún alágbẹ̀dẹ la pè yẹn nínú ilé Ọlọ́run. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré?

Ohun tó bá ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ nìyẹn, èyí tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà lára àwọn tó fi ohùn Yorùbá dá orin ìyìn. Ní 1922 ó kọ wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù.

2. Ẹ FI ẸNU KỌ Ọ́. Ẹ gbé gìtá sílẹ̀ ná. Ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di orin:

Jé-sù ni o-gún wa: m d r r m r
A kì yó-ò sọ ọ́ nù: r d m d r m d

Ẹ lè lo l tàbí s pẹ̀lú, kí ohùn òkè ṣáà ga ju ti àárín lọ.

3. Ẹ WÁ KỌ́Ọ̀DÙ RẸ̀. Bí G bá jẹ́ ilé, G ní d m s. C ní f l d. D ní s t r. (Àwọn tó kọ́ gìtá lédè Faransé ń pe G ní sol, C ní do, D ní ré. Kí èyí má rú yín lójú: d tiwa ni ilé orin, níbikíbi tí a bá fi ilé sí.)

Ẹ ta G lórí "Jésù", kí ẹ dúró níbẹ̀ títí dé "ogún". "Wa" bọ́ sórí r. D ló ni ín. D kì í jẹ́ kí etí sinmi, ilé ló ń wá. Ní ìlà kejì, C lórí "kì", D lórí "sọ", G lórí "nù": a ti délé. G àti C ló jọ ni d. Etí yín ni yóò yan èyí tó yẹ.

4. Ẹ DÁN AN WÒ. Ẹ kọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, kí ó sọ ohun tó gbọ́. Bí ó bá ní "ogun", orin la ó tún ṣe, kì í ṣe etí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: (a) Kí ló yẹ kí ó ṣáájú, ọ̀rọ̀ àbí kọ́ọ̀dù? (b) Kọ́ọ̀dù wo ló ni f àti l? (d) Ẹ dá ìlà méjì tiyín, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé akọrin.

Kí Olúwa la ohùn wa. Àmín.