Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Nígbà Tí Òjò Bá Ń Kásẹ̀ Nílẹ̀

Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ bí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ní oṣù kẹwàá, kí a sì lè máa já a jẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́SỌ

 Ní irú àkókò báyìí, ẹ̀fọ́ a máa pọ̀ lọ́jà bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi í rántí ẹ̀yìnkùlé títí ọyẹ́ yóò fi dé. Nígbà náà ni ìdì ẹ̀fọ́ yóò kéré, tí owó rẹ̀ yóò sì ga, tí a ó wá máa ṣírò kí a tó rà á. Kókó ẹ̀kọ́ wa kò ju méjì lọ. Èkíní, ìgbà tí ẹ̀fọ́ pọ̀ lọ́jà gan-an ni ó yẹ kí a gbin èyí tí a ó jẹ nígbà tí kò bá pọ̀. Èkejì, korobá omi ni kí a fi wọn ebè wa, kí a má ṣe fi ilẹ̀ wọ̀n ọ́n.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tiwa. Kì í ṣe pé a kò mọ ọkọ́ dì mú. Nígbà tí ìjọba gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀ ní 1976, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni a wà, a sì gbin ilá àti ẹ̀fọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n inú òjò ni a máa ń gbìn ín.

Ní 2016, lẹ́yìn tí a fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì kò tí ì máa jáde déédéé, a wo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn, a sì la ebè mẹ́fà. Àárín oṣù kọkànlá ni a gbin irúgbìn, òjò sì ti lọ. Kí Kérésìmesì tó dé, omi kànga ti fà sísàlẹ̀, orúnkún wa sì ti ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní, ebè mẹ́rin ti gbẹ pátápátá, méjì tó kù kò sì ju kí a já a lẹ́ẹ̀kan lọ.

Èyí tó dùn wá jù ni pé ọmọ wa obìnrin wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú oyún nígbà náà, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti ní kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa nítorí ẹ̀jẹ̀. A ń ra ẹ̀fọ́ fún un pẹ̀lú ìnira. Lọ́jọ́ kan a gba ibi tí wọ́n ti ń gbin díẹ̀ nínú rẹ̀ kọjá, a sì rí i pé odò tí ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn sí, tó dúdú bí aró, ni wọ́n ń bù wọ́n ọn. A kò sọ pé gbogbo ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ́ pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé a ó mọ omi tí ẹ̀fọ́ wa ń mu.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tó ti ta ẹ̀fọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ó ní, “Tíṣà, ilẹ̀ lo fi wọn ebè rẹ, o ò fi korobá wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.”

1. ÌGBÀ GBÍGBÌN

Ní agbègbè Ìbàdàn, òjò a máa pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, kí ó tó dáwọ́ dúró ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ní apá òkè Ọ̀yọ́ ó máa ń tètè lọ. Ní etí òkun Èkó ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Ohun tí a bá gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá yóò fi òjò ìkẹyìn ta gbòǹgbò. Gbòǹgbò tó ti wọlẹ̀ ni yóò bá ọ̀gbẹlẹ̀ jà.

2. ÀYÈ ÀTI EBÈ

Ẹ wá ibi tí oòrùn ń dé fún ìdajì ọjọ́ ó kéré tán. Kí ó jìnnà sí ṣáláńgá, sí ibi tí a ti ń sun ìdọ̀tí àti bátìrì, àti ibi tí epo jẹnẹrétọ̀ ń dà sí.

Ebè tí à ń wí kì í ṣe ebè iṣu. Èyí tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń pè ní bẹ́ẹ̀dì ni, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìbú, 10 ní gígùn. Nígbà òjò à ń gbé e sókè kí omi má bàa dúró nínú rẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ rẹlẹ̀, kí etí rẹ̀ ga díẹ̀, kí omi lè dúró. Ebè kan yóò mu korobá omi méjì lójúmọ́. Ẹni tó bá lè pọn korobá mẹ́rin láìsí ìnira, ebè méjì ni tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn, ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń jó gbòǹgbò.

3. ÀWỌN Ẹ̀FỌ́ TÓ YẸ

Ewúro: Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ tó gbó, kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ẹ sì rì í sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Bí ó bá ti mú ilẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ kò lè pa á bọ̀rọ̀.

Gbúre: Igi rẹ̀ ni a ń gé gbìn. Ó ń tọ́jú omi sínú ewé àti igi rẹ̀, nítorí náà ó máa ń fara da oòrùn.

Tẹ̀tẹ̀: Ẹ po irúgbìn rẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má bàa hù pọ̀ sójú kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ má fọ́n gbogbo ebè lọ́jọ́ kan. Ẹ fọ́n apá kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ fọ́n apá kejì. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, òdòdó ni yóò sáré yọ, ewé yóò sì dínkù.

Ṣọkọ: Ó lọ́ra ju tẹ̀tẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá gé e lókè díẹ̀, yóò tún rúwé.

Ewédú: Èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ a máa dì í sínú aṣọ, wọn a rì í bọ omi gbígbóná fún ìwọ̀n ìgbà tí a ó fi ka 1 dé 10, wọn a sì gbé e sínú omi tútù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e ní àkókò yìí. Nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú sí i, kúkúrú ni í ti máa ń yọ òdòdó. Ẹ fi ti púpọ̀ sílẹ̀ de òjò tuntun.

4. OMI ÀTI ÀWỌN Ọ̀TÁ Ẹ̀FỌ́

Òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a bomi rin ín. Agolo tí a fi ìṣó dá ihò sí nídìí ti tó, nítorí omi tí a bá dà lójijì máa ń gbá irúgbìn lọ. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára. Omi ọṣẹ àti omi iyọ̀ kò dára. Bí ẹ̀fọ́ bá ti ga díẹ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí ó lè tutù, kí ẹ sì máa ṣí i wò nítorí ikán.

Adìẹ àti ewúrẹ́ kò mọ ti ẹ̀kọ́ wa, nítorí náà ẹ sọgbà. Àárọ̀ kùtù, nígbà tí òtútù kò jẹ́ kí tata lè fò dáadáa, ni kí a fọwọ́ mú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn tàbí oògùn kòkó sí ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ. Ẹ̀fọ́ tí kòkòrò jẹ díẹ̀ sàn ju èyí tí oògùn wà lára rẹ̀ lọ.

ÌPARÍ

Ní 2017, ebè méjì péré ni a là, ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹwàá, a sì fi ewúro yí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ká. Kò tó jẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a ń jẹ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí oṣù kejì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọmọ wa ti bímọ nígbà náà. Òun ló ń já tẹ̀tẹ̀, tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Korobá omi mélòó ni ìwọ lè pọn lójúmọ́ ní oṣù kìíní? Ebè mélòó ni ó bá a mu?
2. Kí ni ẹni tó ń gbé ilé àyágbé lè ṣe pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì tàbí ike tó ti lu?
3. Àwọn ìyá àgbà wo láàrin wa ni kò lè pọn omi mọ́? Ta ni yóò máa bá wọn pọn ọ́n?

Iṣẹ́ àmúṣe: Kí olúkúlùkù mú ọ̀pá ewúro, igi gbúre tàbí irúgbìn tẹ̀tẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó ní lè fún ẹni tí kò ní.